Owó Ìjókòó Kì Í Dìde

Bí o bá fẹ́ mọ bí agídí Kòṣeéṣí ṣe pọ̀ tó, ìyàwó rẹ̀ ni kí o bi. Obìnrin náà á sọ fún ọ nípa bàtà kan tí ọkọ rẹ̀ rà. Ẹni tó tà á ti kìlọ̀ fún un pé bàtà náà yóò há a lẹ́sẹ̀. Kòṣeéṣí ní kò ní há òun. Bàtà há a. Ọdún méjì gbáko ló fi ń tiro lọ síbi iṣẹ́, tí ó ń tiro bọ̀, kò sì gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé bàtà há òun. Ọjọ́ tí bàtà já ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi.

Iṣẹ́ ààrò ló ń ṣe ní ilé búrẹ́dì ńlá tó wà lẹ́yìn òpópónà àwọn mẹkáníìkì. Òun ló ń dá iná, òun ló ń fi pátákó gígùn ti búrẹ́dì wọlé, òun náà ló ń fà á jáde. Irun apá rẹ̀ méjèèjì ti jó tán láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ààrò ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kòṣeéṣí. Òun ni akápò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì náà, wọ́n sì máa ń sọ pé àpò tó bá ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, kò ṣeé ṣí mọ́.

Ẹgbẹ́ kékeré ni. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, wọn kò ju ogójì lọ. Ọdún tí ẹ̀rọ gé ìka obìnrin kan níbi tó ti ń po fúláwà, tí ọ̀gá sì ní kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń dáwó, wọ́n sì ń pín in sọ́nà méjì. Apá kan wà fún àìsàn, ìsìnkú àti ọmọ tuntun. Apá yìí kì í pẹ́ nílé. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, bí àlejò tó gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀. Apá kejì ni wọ́n ń pè ní owó ìjókòó. Òun ni wọn yóò máa jẹ lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá jókòó, tí wọ́n bá ní àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí ọ̀gá yóò fi gbọ́ tàwọn. Òfin rẹ̀ kò gùn: owó ìjókòó kì í dìde. Títí ọjọ́ ìjókòó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó lé ní ogún ọdún tí Kòṣeéṣí fi ṣọ́ owó yìí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ, kò gbọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nítorí oko tí wọ́n fẹ́ rà ní ẹ̀dínwó, ó ní oko kò sá lọ. Nígbà tí ìjì ká òrùlé ilé òun fúnra rẹ̀, abẹ́ tapólì ni òun àti ẹbí rẹ̀ sùn títí òjò ọdún náà fi dá, kò sì ya nǹkan kan nínú owó náà. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, wọn á pé jọ sí yàrá kan tí wọ́n háyà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Akápò á dìde, á wúkọ́, á ní, "Owó ìjókòó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án." Wọn á pàtẹ́wọ́. Òun á jókòó. Ó parí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti gbìyànjú rí láti gbé owó náà dìde. Ìyẹn ni Bàbá Fúláwà, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń po fúláwà nígbà náà, ọkùnrin tí fúláwà kì í kúrò lára irun ojú rẹ̀, àní lọ́jọ́ ìsinmi pàápàá. Ó dìde ní ìpàdé lọ́jọ́ kan, ó ní owó ìjókòó ti kún, kí wọ́n mú ìdajì rẹ̀, kí wọ́n fi mọ ààrò tiwọn, kí wọ́n ra fúláwà, kí ẹgbẹ́ máa yan búrẹ́dì kékeré tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kí owó máa bí sí i.

Kòṣeéṣí ní, "Owó ìjókòó kì í dìde."

Bàbá Fúláwà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Akápò, ẹni tó bá ń tọ́jú owó bí ẹni tọ́jú òkú, kó má bínú bó bá ń rùn."

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Onítáyà tó wà lóde tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kò dùn ún tó ẹ̀rín. Wọ́n dìbò, ti Kòṣeéṣí ló borí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò yọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá Bàbá Fúláwà sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Fúláwà fi owó ara rẹ̀ mọ ààrò sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kò pẹ́ tí ààrò náà fi tutù, adìyẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí Kòṣeéṣí ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Kòṣeéṣí fi ọ̀nà náà sílẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn kòtò ìdọ̀tí, ọ̀nà tó jìn, tó sì ń rùn.

Àwọn kan á ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pọ̀ jù nítorí ẹ̀rín. Ẹni tí wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí lójú ogójì ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì kú, ọmọ rẹ̀ jọba. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń fín lọ́fínńdà wá síbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òórùn tó dùn tó ti búrẹ́dì gbígbóná láyé. Kò tíì pé ọdún tó fi yọ owó òru kúrò, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ń sùn. Ó ní òru àti ọ̀sán, ẹgbẹ́ ara wọn ni.

Alága ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Obìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ni, ohùn rẹ̀ kò sì nílò gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jókòó fún un. Akápò, ṣé owó ìjókòó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kòṣeéṣí fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ẹyin iná jáde nínú ààrò ńlá, gbogbo wọn sì lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló gba owó jáde ní bánkì, tó kó o délé nínú àpò ọ̀rá, tó tẹ aṣọ sórí tábìlì, tó sì ń pín in ní ìdì-ìdì, ìdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orin ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́bàá ibẹ̀.

"Bàbá wọn, ti ọ̀sẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ti ọ̀sẹ̀ wo bí ti báwo? Ti gbogbo ìjókòó ni. Oúnjẹ oṣù mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ti ṣírò rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mú ìdì kan, ó tú u wò. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkọ òun ń ṣàwàdà. Ìgbà tó rántí pé ọkọ òun kì í ṣàwàdà, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ṣírò rẹ̀?"

Kòṣeéṣí fa ìdì mìíràn sí iwájú.

"Bàbá wọn, èmi ni mò ń ra nǹkan nínú ilé yìí. Ìdì kan yìí, bí èèyàn bá fọgbọ́n jẹ ẹ́, ọjọ́ márùn-ún ni. Bó bá lọ́mọ púpọ̀ nílé, kò tó bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni."

"Mú un dání, ká jọ lọ sọ́jà."

Agídí ló mú un lọ. Ó fẹ́ lọ fi hàn án pé ó ń parọ́. Ó bèèrè iye ọṣẹ, iye epo, iye iyọ̀. Ó bèèrè iye àpò fúláwà kan, ó sì ní kí ọ̀gbẹ́ni náà tún un sọ. Ọkọ̀ ńlá ló ń já fúláwà fún wọn níbi iṣẹ́, kò rà á rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, owó tí ènìyàn mẹ́ta ń dá lóṣù kan ń ra odidi àpò. Nísinsìnyí, owó náà kò lè ra okùn tí wọ́n fi rán ẹnu àpò. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ pé, "Ṣé o rí i?" Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó ti ìdì owó wọ̀nyẹn. Owó pé. Kò sẹ́ni tó jí i. Níbi tí owó náà jókòó sí ló ti ń rù lójú rẹ̀, lóṣooṣù, tí òun sì ń dìde, tí òun ń wúkọ́, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún òun.

Bí ó bá pín owó náà tí ó dákẹ́, ọjọ́ kẹfà ni ẹgbẹ́ yóò fi orúnkún wọ́ padà lọ bá Ọ̀gá Kékeré, owó òru yóò sì lọ láéláé, òmíràn yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá fi ra fúláwà ńkọ́? Ọwọ́ tó mọ búrẹ́dì wà nínú ẹgbẹ́ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ. Ààrò nìkan ni kò sí. Ó sì mọ ibi tí ààrò kan wà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Lọ bá a."

"Ta ni?"

"Ẹni tí o mọ̀."

"Mi ò mọ ẹnì kankan."

"Ó dáa. Lọ bá ẹni tí o ò mọ̀."

Iṣẹ́ aránṣọ ni ọmọbìnrin Bàbá Fúláwà ń ṣe ní yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń sáré nígbà tí Kòṣeéṣí wọlé. Bàbá Fúláwà fúnra rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá rẹ ńkọ́?"

Aránṣọ wo bàbá rẹ̀, ó wo àlejò. "Àwọn rèé, sà."

"Bá mi kí wọn."

"Bàbá, Akápò ní kí n kí yín."

"Mo ti gbọ́ kó tó dé ẹnu rẹ. Bi í pé ta ló kú."

"Sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó kú. Ààrò ni mo wá yá."

Ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́.

"Sọ fún un pé ààrò mi kì í ṣe ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń yá kiri àdúgbò. Bi í pé kí ló ṣe owó ìjókòó. Mo gbọ́ pé ó wà níbẹ̀."

Kòṣeéṣí wo ilẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ti ń pinnu rẹ̀ pé bí bàbá yìí bá rẹ́rìn-ín, òun yóò dìde, òun yóò sì máa lọ, kí ẹgbẹ́ tú bó bá fẹ́ tú. Ó ní, "Sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún ló kù nínú rẹ̀."

Ó gbé ojú sókè, ó ń dúró de ẹ̀rín.

Ẹ̀rín kò wá. Bàbá Fúláwà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, bí ìgbà tó ń nu fúláwà kúrò.

"Sọ fún un pé kó jókòó." Kòṣeéṣí jókòó. "Sọ fún un pé òwe ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò ṣépè."

"Sọ fún wọn pé mo gbọ́."

"Sọ fún un pé bó bá fẹ́ ààrò, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ márùn-ún yìí fún ẹgbẹ́. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni yan búrẹ́dì lórí irọ́."

"Sọ fún wọn pé mo ti pinnu láti sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé. Kì í ṣe àwọn ló rán mi."

"Sọ fún un pé ó dáa."

"Sọ fún wọn pé mi ò sì wá tọrọ àforíjì."

"Sọ fún un pé mi ò ní èyí tí mo fẹ́ fún un."

Aránṣọ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi méjèèjì, aṣọ oníbàárà ń dúró dè mí. Bí ọ̀rọ̀ bá kù lẹ́nu yín, ẹ ó san owó ẹnu mi o."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pé sí yàrá ẹ̀yìn onítáyà láti gba owó. Àwọn kan mú àpò dání. Kòṣeéṣí dìde, ó wúkọ́.

"Owó ìjókòó wà níbẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan mọ́. Oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún ni."

Ariwo sọ. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì káàkiri dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Akápò! Ta lẹ bá jẹ ẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́."

"Àbí èkúté ni?"

"Ọjà ló jẹ ẹ́," ni Kòṣeéṣí wí. Ó sọ bí ó ṣe lọ sọ́jà, ó sọ ọ̀rọ̀ okùn ẹnu àpò. Ẹnì kan pè é ní olè láti ẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn wo ẹni náà. Ó mọ ohùn rẹ̀, kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Alága lu tábìlì. "Ẹ dákẹ́! Ogún ọdún la fi pàtẹ́wọ́. Ta nínú wa ló bèèrè iye ọjọ́ tó máa bọ́ wa lẹ́ẹ̀kan rí? Èmi ò bèèrè. Ìwọ awakọ̀, o bèèrè?" Awakọ̀ jókòó. "Akápò, kí ni ká ṣe?"

Kòṣeéṣí ti àpò owó náà sí iwájú Alága.

"Mo fẹ́ kí owó náà dìde. Ká fi ra fúláwà. Bàbá Fúláwà ní ààrò. Ìmọ̀ràn wọn ni. Wọ́n ti mú un wá tipẹ́. Èmi ni mo dè é mọ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Alága ní kí wọ́n nawọ́, ọwọ́ awakọ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Wọ́n lé adìyẹ kúrò nínú ààrò. Wọ́n fi amọ̀ dí ibi tó sán, wọ́n sì ń po fúláwà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọdé, nínú àwo, nínú ohun gbogbo tó bá ti jinlẹ̀. Bàbá Fúláwà ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń fi ìka tẹ fúláwà wò, ó ń pariwo pé, "Ẹ bá a jà! Ẹ̀ ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ ọba!" Kòṣeéṣí wà nídìí iná. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fúláwà ti wú, aránṣọ ló ń bi. Bí bàbá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààrò ti gbóná, aránṣọ náà ló ń bi.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ dúdú nísàlẹ̀, ó sì funfun lórí. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní búrẹ́dì ìjókòó kò ní àléébù.

Nígbà tí wọ́n ti èkejì wọlé, atẹ́gùn ṣàdédé yí padà. Iná ru sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ jáde lẹ́nu ààrò. Bàbá Fúláwà ló sún mọ́ ìlẹ̀kùn jù.

"Ẹ ti ìlẹ̀kùn!" Kòṣeéṣí pariwo. "Bàbá, ẹ tì í, ẹ tètè tì í! Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ojú yín, ojú yín!"

Bàbá Fúláwà ti ìlẹ̀kùn pa, ó fò sẹ́yìn. Ìdajì irun ojú rẹ̀ ti jó. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wo ara wọn.

Aránṣọ ní, "Háà. Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Búrẹ́dì náà pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Wọ́n gbé e jáde sí òpópónà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ọjà lọ́wọ́ Ọ̀gá Kékeré kò ní búrẹ́dì láti ìjẹta, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tà á tán. Láti ìgbà náà, wọ́n ń yan, wọ́n ń tà. Èrè ni wọ́n ń pín jẹ nírọ̀lẹ́, ojú owó sì ń padà di fúláwà. Kò tó wọn jẹ yó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún kọjá, wọ́n ṣì jókòó. Ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, wọ́n ṣì jókòó. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà Ọ̀gá Kékeré wá ra búrẹ́dì méjì, ó ní òun ló fẹ́ jẹ ẹ́. Alága sọ fún un pé kó sọ fún ikùn rẹ̀ pé àwọn kí i.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ọ̀gá Kékeré ránṣẹ́ pe Alága. Ó dá owó òru padà. Kò san owó ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó, wọn kò sì rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòṣeéṣí kò tíì gbàgbé ìyẹn náà.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, Bàbá Fúláwà wà ní ìpàdé, wọ́n ní kó wá. Irun ojú rẹ̀ kan funfun, èkejì kò sí. Akápò dìde, ó wúkọ́.

"Owó ìjókòó tó oúnjẹ ọjọ́ méje. Díẹ̀ wà ní bánkì, ìyókù ti di fúláwà. Ọjọ́ ìsinmi ni a ó máa yan án."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ nawọ́. "Fúláwà tún wọ́n sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ẹ ṣírò ìyẹn?"

"Mo ṣírò ìyẹn."

"Bó bá tún wọ́n sí i lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ń ṣú, títí onítáyà fi ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn. Kò sí ìpàdé tó rẹ Kòṣeéṣí tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n túká, ó dúró díẹ̀ ní oríta, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn kòtò, ó wá bá Bàbá Fúláwà gba ọ̀nà tó kúrú. Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà bàbá.

"Akápò, o ṣì ń bínú ẹ̀rín ọjọ́ yẹn?"

"Mo ṣì ń bínú, sà."

"Ó dáa." Bàbá Fúláwà ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ wá dáná láàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ wọ ibẹ̀."